Kíkọ́ Ilé Pẹ̀lú Ohun Àdáyébá, Kí Ó sì Bá Ilẹ̀ Tí Ó Dúró Lé Mu: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Àwọn tí ó fẹ́ fi amọ̀, òkúta, igi, ọparun tàbí koríko kọ́ ilé ni ó máa ń béèrè àwọn ohun tí ó wà nísàlẹ̀ yìí. Mo dáhùn wọn bí mo ṣe máa ń dáhùn wọn lójúkojú: èyí tí ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀ gùn, èyí tí kò ní wàhálà kúrú. Ẹ ó rí i pé ibì kan náà ni mo ń padà sí, nítorí ó dá mi lójú pé ilẹ̀ àti omi tí ń gba orí rẹ̀ kọjá ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ kí ayàwòrán ilé tó fa ìlà kan ṣoṣo.

Kí ni ẹ ń pè ní ilé àdáyébá tí ó bá ilẹ̀ rẹ̀ mu?

Ilé búlọ́ọ̀kù tí wọ́n lẹ páákó tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ lára kí ó lè fi ojú jọ ilé ìgbèríko kọ́ ni mo ń sọ. Ilé tí mo ń sọ ni èyí tí ohun tí a rí nítòsí gbé ró ní tòótọ́: erùpẹ̀ tí a hú nígbà tí à ń gbẹ́ ìpìlẹ̀, òkúta tí a ṣà lórí ilẹ̀ náà, igi tí a gé ní agbègbè náà, tí a kò sì fi iná tàbí oògùn yí padà kọjá ohun tí ó pọn dandan. Ìrísí rẹ̀ náà kì í ti ibòmíràn wá. Bí ilẹ̀ ṣe dà, bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fẹ́, àti ibi tí oòrùn ń gbà yọ, àwọn ni ó ń pinnu ibi tí ògiri yóò gùn sí àti ibi tí fèrèsé yóò kọjú sí.

Ní Skara Brae, ní erékùṣù Orkney ní àríwá Scotland, àwọn ilé òkúta kan wà tí wọ́n ti tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún márùn-ún ọdún. Igi ṣọ̀wọ́n níbẹ̀, ṣùgbọ́n òkúta pẹlẹbẹ pọ̀, nítorí náà òkúta ni wọ́n fi ṣe ògiri, òkúta ni wọ́n fi ṣe ibùsùn, òkúta náà ni wọ́n fi ṣe pẹpẹ tí wọ́n ń to ohun ìní wọn sí. Ní Shibam, ní orílẹ̀-èdè Yemen, níbi tí amọ̀ wà tí òjò kò sì pọ̀, bíríkì amọ̀ tí wọ́n fi oòrùn gbẹ ni wọ́n fi gbé ilé dé àjà méje, púpọ̀ nínú wọn láti ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Àwọn méjèèjì kò jọra rárá, síbẹ̀ ìlànà kan náà ni wọ́n tẹ̀ lé.

Mo ti ra ilẹ̀. Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Ẹ lọ síbẹ̀ nígbà tí òjò bá ń rọ̀. Mo mọ̀ pé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni gbogbo ènìyàn máa ń lọ wo ilẹ̀, nígbà tí bàtà kò ní dọ̀tí, ṣùgbọ́n ilẹ̀ kì í sọ òdodo nípa ara rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ gbé agbòjò lórí, kí ẹ dúró sí apá òkè ilẹ̀ náà, kí ẹ sì máa wo ibi tí omi ń gbà wọlé, ibi tí ó ń dúró sí, àti ibi tí ó ń gbà jáde. Ẹ kan èèkàn kéékèèké mọ́ ojú ọ̀nà omi náà. Bí ẹ bá padà dé ní ọjọ́ kejì, tí ẹ rí ibi tí ẹrẹ̀ ṣì ń mú bàtà nígbà tí ibòmíràn ti gbẹ, ibẹ̀ kọ́ ni ilé yóò wà, bí ó ti wù kí ibẹ̀ rẹwà tó.

Bí ààyè bá wà, ẹ ṣe èyí fún odindi ọdún kan. Láàárín ọdún náà, ẹ ó rí i pé oòrùn kì í yọ ní ojú kan náà láti oṣù dé oṣù, àti pé afẹ́fẹ́ tí ń gbé òjò wá lè yàtọ̀ sí afẹ́fẹ́ tí ń fẹ́ nígbà ooru. Ògiri tí afẹ́fẹ́ olójò ń gbá ni yóò nílò ààbò jù lọ, ẹ̀gbẹ́ tí afẹ́fẹ́ tútù ti ń wá nígbà ooru ni ẹ ó ṣí fèrèsé sí. Mo ti rí ẹni tí ó yí ojú ilé rẹ̀ padà pátápátá lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ tí ó fi ń jókòó sórí ilẹ̀ náà ní ìrọ̀lẹ́. Kò ná kọ́bọ̀ kan sórí ìyípadà náà, nítorí kò tí ì gbẹ́ ihò kankan.

Ilẹ̀ mi da gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ṣé kí n tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ?

Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ bí ẹ bá lè yẹra fún un. Bí katakata bá ti há erùpẹ̀ kúrò lápá òkè, tí ó sì dà á sápá ìsàlẹ̀, ẹ ti dá ìṣòro méjì sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: omi yóò máa sun jáde láti ara ibi tí a gé, ibi tí a dà erùpẹ̀ sí yóò sì máa rì díẹ̀díẹ̀, tí ògiri yóò fi lanu. Ẹ jẹ́ kí ilé tẹ́ẹ́rẹ́, kí ó sì nà ní ìbú òkè náà, kì í ṣe láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Ẹ lè fi àtẹ̀gùn kékeré so yàrá kan pọ̀ mọ́ èkejì, tàbí kí ẹ gbé apá ìsàlẹ̀ ilé lé òpó. Glenn Murcutt, ayàwòrán ilé ọmọ Australia tí ó gba Pritzker, ẹ̀bùn ńlá àgbáyé fún àwọn ayàwòrán ilé, ní 2002, gbé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé rẹ̀ kúrò nílẹ̀ lórí òpó, kí omi àti afẹ́fẹ́ lè máa gba abẹ́ wọn kọjá.

Erùpẹ̀ dúdú tí ó wà lókè pátápátá, tí ó máa ń jẹ́ nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 15 sí 30, kò dára fún ògiri nítorí ewé àti gbòǹgbò tí ó ti jẹrà sínú rẹ̀. Ẹ kó o jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹ sì bò ó. Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, òun ni ẹ ó tẹ́ padà yí ilé ká, kí koríko àti òdòdó agbègbè náà lè tún hù.

Àwọn igi ńlá tí ó wà lórí ilẹ̀ náà ńkọ́?

Ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Igi tí ó ti lo ogójì ọdún kò ṣeé rà, òjìji rẹ̀ sì ń tu ilé lára ju ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ lọ. Kìkì pé kí ẹ jìnnà sí i tó, nítorí gbòǹgbò rẹ̀ máa ń kọjá ibi tí ẹ̀ka rẹ̀ nà dé, amọ̀ tí gbòǹgbò bá sì fa omi inú rẹ̀ gbẹ máa ń sún kì, tí ìpìlẹ̀ yóò sì sún tẹ̀ lé e.

Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá erùpẹ̀ ilẹ̀ mi yóò mọ ògiri?

Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ràn jù, nítorí ọwọ́ ara ẹni ni a fi ń dáhùn rẹ̀. Ẹ gbẹ́ kọjá erùpẹ̀ dúdú yẹn, kí ẹ bu èyí tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ mú ìgò tí a lè rí inú rẹ̀ láti òde, tí ẹnu rẹ̀ sì gbòòrò, kí ẹ bu erùpẹ̀ náà dé ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀, kí ẹ da omi kún un, kí ẹ fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, kí ẹ dé e, kí ẹ sì mì ín dáadáa fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Ẹ gbé e kalẹ̀ síbi tí ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kàn án. Yanrìn yóò kọ́kọ́ rì láàárín ìṣẹ́jú kan tàbí méjì. Erùpẹ̀ lẹ́búlẹ́bú yóò tẹ̀ lé e láàárín wákàtí díẹ̀. Amọ̀ gan-an ni yóò pẹ́ jù, ó lè di ọjọ́ kejì kí omi tó mọ́ gaara. Nígbà náà, ẹ ó rí ipele mẹ́ta tí ó tò lé ara wọn bí àkàrà òyìnbó, ẹ ó sì lè fi rúlà wọ̀n wọ́n. Bí amọ̀ bá jẹ́ nǹkan bí ìdá 15 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún, tí yanrìn sì kó èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìyókù, ọwọ́ yín ti tẹ ohun rere.

Ẹ fi ìdánwò kejì kún un. Ẹ po erùpẹ̀ náà títí yóò fi rọ̀ láìlẹ̀ mọ́ ọwọ́, kí ẹ yí i gbọọrọ bí abẹ́là, kí ó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta. Ẹ gbé e sórí tábìlì, kí ẹ máa tì í díẹ̀díẹ̀ kọjá etí tábìlì náà títí yóò fi já. Bí èyí tí ó já kò bá tó sẹ̀ǹtímítà 5, yanrìn ti pọ̀ jù, ògiri yóò máa họ. Bí ó bá ju 15 lọ, amọ̀ ti pọ̀ jù, ògiri yóò sán nígbà tí ó bá ń gbẹ. Èyí tí ó bá wà láàárín ni ẹ ń wá. Èyí tí kò bá bọ́ sí i náà ní àtúnṣe: yanrìn ni a fi ń tún èyí tí amọ̀ rẹ̀ pọ̀ ṣe, amọ̀ láti ibòmíràn lórí ilẹ̀ náà ni a fi ń tún èkejì ṣe.

Mo fi kún un pé ìdánwò méjèèjì yìí kò sọ bóyá ilẹ̀ náà lè gbé ilé. Ẹnjiníà tí ó mọ̀ nípa ilẹ̀ ni yóò sọ ìyẹn, kí ẹ sì pè é.

Oríṣi ọ̀nà mélòó ni a lè gbà fi erùpẹ̀ mọ ògiri?

Ó pọ̀, ṣùgbọ́n mẹ́rin ni ẹ ó máa bá pàdé. Bíríkì amọ̀ tí a fi oòrùn gbẹ ni ó gbajúmọ̀ jù kárí ayé: a ó po amọ̀ mọ́ koríko gbígbẹ, a ó fi férémù igi onígun mẹ́rin mọ ọ́n, a ó yí i dúró lórí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, a ó sì fún un ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí ó gbẹ dé inú. Èkejì ni amọ̀ oníkoríko tí a ń fi ọwọ́ àti ṣọ́bìrì mọ lé ara rẹ̀ ní ipele ipele láìlo bíríkì. Ògiri rẹ̀ máa ń nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 45 sí 60, ẹ sì lè jẹ́ kí ó tẹ̀ kọ́rọ́ níbi tí ó bá wù yín. Ẹ̀kẹta ni erùpẹ̀ gígún: páákó méjì ni a ó tò dojú kọ ara wọn, a ó da erùpẹ̀ tí kò tutù ju bó ti yẹ lọ sáàárín wọn, a ó sì gún un títí ìró rẹ̀ yóò fi yí padà láti kíkú sí dídún gbangba. Ẹni tí ó bá ti ṣe é rí mọ ìró yẹn, kò sí ìwọ̀n tí ó dájú jù ú lọ. Ẹ̀kẹrin ni bíríkì tí a fi ẹ̀rọ tẹ̀. Ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ tí wọ́n ń pè ní CINVA-Ram, tí ó jáde ní Colombia ní àwọn ọdún 1950, ni ó mú kí ọ̀nà yìí tàn kálẹ̀.

Èyí tí ẹ ó yàn sinmi lórí erùpẹ̀ yín. Erùpẹ̀ tí yanrìn rẹ̀ pọ̀ díẹ̀ dára fún gígún àti fún ẹ̀rọ. Èyí tí amọ̀ rẹ̀ pọ̀ díẹ̀ ń fẹ́ koríko nínú kí ó má bàa sán.

Ṣé òjò kò ní wó ilé amọ̀?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní òjò kò bá ẹnìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni tí eji bá rí ni eji ń pa. Ohun tí a ń ṣe ni pé kí eji má rí ògiri. Àwọn ará Devon, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí òjò kì í ti í dá, ní ilé amọ̀ tí ó ti lo ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún, wọ́n sì máa ń sọ pé fìlà tó dára àti bàtà tó dára ni irú ilé bẹ́ẹ̀ ń fẹ́. Fìlà ni òrùlé tí etí rẹ̀ nà jáde kọjá ògiri. Mo máa ń ní kí ó tó sẹ̀ǹtímítà 60 ó kéré tán, kí ó sì tó 90 níbi tí afẹ́fẹ́ bá ń gbá òjò. Bàtà ni ẹsẹ̀ òkúta tàbí bíríkì sísun tí ó gbé amọ̀ kúrò nílẹ̀, kí ó ga tó sẹ̀ǹtímítà 30, tàbí kí ó ju bẹ́ẹ̀ lọ bí òjò ibẹ̀ bá ń ta pàpà sára ògiri.

Omi tí ó bọ́ láti orí òrùlé náà ní láti ní ibi tí yóò lọ. Mìlímítà kan òjò lórí mítà kan níbùú lóròó jẹ́ lítà omi kan. Òrùlé tí ó jẹ́ ọgọ́rùn-ún irú mítà bẹ́ẹ̀ yóò da lítà 2,000 sílẹ̀ lábẹ́ òjò mìlímítà 20, èyí tí òjò ọ̀sán kan ṣoṣo lè mú wá. Ẹ fojú inú wo àgbá mẹ́wàá tí wọ́n yí dà nù lẹ́ẹ̀kan náà sí ẹsẹ̀ ògiri amọ̀. Nítorí náà, kí ilẹ̀ yí ilé ká máa dà sẹ́yìn kúrò lára ògiri, kí ó fi sẹ̀ǹtímítà 15 relẹ̀ láàárín mítà mẹ́ta àkọ́kọ́, kí gọ́tà sì gbé èyí tí ẹ bá fẹ́ lò lọ sínú táǹkì.

Ṣé mo lè fi símẹ́ńtì rẹ́ ògiri amọ̀ kí ó lè lágbára sí i?

Rárá o. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é. Àṣìṣe yìí ni ó pa ilé amọ̀ jù lọ láàárín èyí tí ojú mi ti rí, àwọn tí ó sì fẹ́ràn ilé wọn gan-an ni ó máa ń ṣe é.

Amọ̀ ń mí. Ó ń fa ọ̀rinrin mọ́ra nígbà tí afẹ́fẹ́ bá tutù, ó sì ń tú u sílẹ̀ nígbà tí ó bá gbẹ. Símẹ́ńtì le, kò sì mí bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò bá amọ̀ wú, kò bá a sún kì. Lẹ́yìn ọdún kan tàbí méjì, yóò sán ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan, òjò yóò gba ibẹ̀ wọlé, kò sì ní rí ọ̀nà jáde. Wọ́n pè mí sí ilé kan báyìí rí, tí ògiri rẹ̀ funfun, tí ó dán, tí kò sí àbààwọ́n lójú rẹ̀. Mo fi ẹ̀yìn ìka kàn án, ó dún kòròfo. Nígbà tí a ṣí símẹ́ńtì náà níbi tí ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, amọ̀ tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ tutù débi pé ìka mi rì sínú rẹ̀ dé oríkèé kejì, gbòǹgbò koríko funfun sì ti hù sínú ògiri. Ẹni tí ó ni ilé náà dúró tì mí, kò sọ̀rọ̀. A ṣí gbogbo rẹ̀ kúrò, a fi ògiri sílẹ̀ gbẹ fún oṣù mẹ́ta, a sì fi amọ̀ àti ẹfun rẹ́ ẹ. Ilé náà ṣì wà.

Ẹfun wo ni ẹ ń sọ, kí sì ni iṣẹ́ rẹ̀?

Òkúta ẹfun ni a ń sun nínú iná tí ó gbóná tó nǹkan bí 900 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Èyí tí ó bá ti jó tán ni a ń fi omi pa, tí yóò sì di ohun mímúlọ́múlọ́ funfun tí a lè pò mọ́ yanrìn. Nígbà tí a bá fi rẹ́ ògiri tán, díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa fa gáàsì kan láti inú afẹ́fẹ́ títí yóò fi tún padà di òkúta. Ó ń dáàbò bo ògiri lọ́wọ́ òjò, síbẹ̀ ó jẹ́ kí ògiri mí. Ẹ ṣọ́ra gidigidi nígbà tí ẹ bá ń fi omi pa á, nítorí ó ń hó, ó sì ń jó ara: ẹ bo ojú, ẹ bo ọwọ́, ẹ lé àwọn ọmọdé jìnnà. Ẹfun ni kí ẹ máa dà sínú omi, kì í ṣe omi sórí ẹfun.

Báwo ni a ṣe ń dáàbò bo igi lọ́wọ́ ikán àti jíjẹrà?

Ẹ jẹ́ kí ó gbẹ, kí ó sì wà lókè. Igi tútù tí a kàn mọ́ òrùlé yóò lọ́, yóò sì fa ìṣó yọ. Ìṣirò àtijọ́ tí àwọn oníṣẹ́ igi ń lò ni ọdún kan fún gbogbo nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà méjì àti ààbọ̀ tí pákó bá nípọn, lábẹ́ ibòòji tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá. Inú igi tí ó dúdú tí ó sì le ni kí ẹ lò fún òpó. Ẹ̀gbẹ́ tí ó sún mọ́ èèpo ni kòkòrò máa ń kọ́kọ́ jẹ. Kí òpó kankan má sì wọ inú ilẹ̀. Ẹ gbé e lé òkúta, kí ẹ sì fi irin pẹlẹbẹ sáàárín òkúta àti igi, kí etí irin náà yọ jáde. Ikán tí ó bá fẹ́ gòkè yóò ní láti la ọ̀nà amọ̀ rẹ̀ kọjá lójú gbangba, ẹ ó sì rí i. Ní Hōryū-ji, ní ilẹ̀ Japan, àwọn ilé onígi kan ṣì dúró láti nǹkan bí 1,300 ọdún sẹ́yìn. Òkúta ni ó gbé àwọn òpó wọn, òrùlé wọn fẹ̀, wọn kò sì yé tún wọn ṣe.

Ọparun ńkọ́?

Ọparun dára bí ó bá ti gbó. Ẹ gé èyí tí ó ti pé ọdún mẹ́ta sí márùn-ún. Èyí tí kò tí ì tó bẹ́ẹ̀ kún fún ṣúgà tí kòkòrò fẹ́ràn. Rírẹ ẹ́ sínú omi tí a po borax àti boric acid sí ni ọ̀nà tí ó wọ́pọ̀ jù láti lé kòkòrò, ṣùgbọ́n òjò lè fọ oògùn náà dànù, nítorí náà abẹ́ òrùlé ni kí ọparun máa gbé.

Ṣé òrùlé koríko kì í jò?

Bí ó bá dúró gangan tó, kì í jò. Kí òrùlé náà gùn sókè ní nǹkan bí dígírì 45 sí 50, kí omi má rí àyè sinmi lórí rẹ̀. Kìkì ojú òde ni ó yẹ kí ó máa tutù, ìyókù a máa gbẹ. Ẹ̀rù tí ó wà nínú rẹ̀ ni iná, n kò sì ní fi bò yín lójú. Bí ilé àwọn aládùúgbò bá sún mọ́ra, tàbí tí igbó yí yín ká tí iná sì máa ń jó o, ẹ wá ohun mìíràn bo ilé. Ní Norway, koríko tútù pẹ̀lú erùpẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń tẹ́ sórí òrùlé, pẹ̀lú èèpo igi birch lábẹ́ rẹ̀ tí kò jẹ́ kí omi kọjá. Ìyẹn wúwo púpọ̀, òpó tí yóò gbé e ní láti tóbi.

Ṣé ilé amọ̀ máa ń tutù nígbà ooru lóòótọ́?

Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ó ṣe ń ṣe é, kí ẹ má bàa retí ohun tí kò lè ṣe. Ògiri amọ̀ tí ó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 30 ń gba nǹkan bí wákàtí 8 sí 10 kí ooru ọ̀sán tó la á kọjá. Nígbà tí ooru yóò fi dé inú yàrá, ilẹ̀ ti ṣú, ẹ sì lè ṣí fèrèsé lé e jáde. Níbi tí ọ̀sán bá ti gbóná tí òru sì tutù, iṣẹ́ ìyanu ni. Níbi tí òru pẹ̀lú bá gbóná, ògiri nípọn nìkan kò tó. Fèrèsé tí ó kọjú sí ara wọn, òrùlé tí ó ga, àti ògiri ìhà ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn tí ó kúrú ni yóò ṣe ìyókù. Níbi tí òtútù ti ń mú gan-an, amọ̀ kò lè pa ooru mọ́ tó. Ìdì koríko gbígbẹ ń pa á mọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ: àwọn ará Nebraska, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí fi í mọ ògiri ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nítorí pé wọn kò ní igi púpọ̀.

Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Gando, ní Burkina Faso, tí Francis Kéré yàwòrán rẹ̀ tí àwọn ará abúlé rẹ̀ sì bá a kọ́, tí ó parí ní 2001, ni mo máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ. Bíríkì amọ̀ ni ògiri àti àjà rẹ̀. Páánù ni òrùlé rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n gbé páánù náà ga kúrò lórí àjà, bíríkì àjà sì ní àlàfo láàárín. Afẹ́fẹ́ gbígbóná ń gba àlàfo náà gòkè, afẹ́fẹ́ tútù ń ti ojú fèrèsé wọlé rọ́pò rẹ̀, láìsí ẹ̀rọ kankan. Kéré ni ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó gba ẹ̀bùn Pritzker, ní 2022.

Ṣé símẹ́ńtì àti irin wá di èèwọ̀ ni?

Wọn kì í ṣe èèwọ̀. Ibi tí a bá nílò wọn ni kí a lò wọ́n sí, kí a sì mọ iye tí ó ń ná ayé: ṣíṣe símẹ́ńtì nìkan ni ó ń tú nǹkan bí ìdá 7 sí 8 jáde nínú ọgọ́rùn-ún gáàsì kábọ́ọ̀nù tí ọmọ ènìyàn ń tú sójú ọ̀run. Àwọn bíríkì Gando pàápàá ní símẹ́ńtì díẹ̀ nínú. Ẹ wo Fallingwater pẹ̀lú, ilé tí Frank Lloyd Wright, ayàwòrán ilé ọmọ Amẹ́ríkà, kọ́ lé orí ìtàkìtì omi ní Pennsylvania láàárín àwọn ọdún 1930. Òkúta tí wọ́n gbẹ́ lórí ilẹ̀ náà ni wọ́n fi mọ ògiri rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn àpáta ibẹ̀ sì yọ jáde láti inú ilẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú ibi ìdáná pálọ̀, tí wọn kò gé e kúrò. Ohun tí ó kó bá ilé náà ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọnkéré tí ó nà sórí omi, nítorí ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì di ọdún 2002 kí wọ́n tó fi okùn irin fà á ró.

Níbi tí ilẹ̀ bá máa ń mì, irin, igi tàbí ọparun nínú ògiri kì í ṣe ọ̀ràn ìfẹ́-ọkàn. Ní Bam, ní ilẹ̀ Iran, ní oṣù Kejìlá ọdún 2003, ilé bíríkì amọ̀ tí kò ní ohunkóhun tí ó so wọ́n pọ̀ wó pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn. New Zealand, níbi tí ilẹ̀ ti máa ń mì pẹ̀lú, ní ìlànà ìjọba fún ilé amọ̀ láti 1998. Ẹ béèrè irú ìlànà tí ó wà níbi tí ẹ wà, kí ẹ sì tẹ̀ lé e.

Ṣé ó dínwó?

Ohun èlò dínwó, iṣẹ́ ọwọ́ pọ̀. Bí ẹ̀yin àti àwọn ènìyàn yín bá lè fi ọwọ́ ara yín ṣe é, ẹ ó rí èrè níbẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ san owó fún gbogbo ọwọ́ tí yóò kàn án, ẹ má retí ìyàtọ̀ ńlá.

Ibo ni ilé ìwẹ̀ àti páìpù omi yóò gbà?

Kí páìpù má gba inú ògiri amọ̀ kọjá, nítorí ìjò kékeré tí a kò rí ni yóò wó o. Ẹ gbà á láti inú ẹsẹ̀ òkúta tàbí lójú ògiri ní gbangba. Ògiri ilé ìwẹ̀ lè jẹ́ bíríkì sísun. Ní Morocco, wọ́n ní ẹfun kan tí wọ́n ń pè ní tadelakt: òkúta dídán ni wọ́n fi ń ra á títí yóò fi dì, wọ́n á sì fi ọṣẹ dúdú tí wọ́n fi òróró ólífì ṣe pa á, tí omi kò fi ní wọlé.

Ẹ̀ẹ̀mélòó ni mo máa tún un rẹ́?

Ẹ ka títúnṣe mọ́ ìgbé ayé ilé náà. Mọ́ṣáláṣí ńlá Djenné, ní Mali, tí èyí tí ó wà níbẹ̀ báyìí parí ní 1907, ni gbogbo ìlú ń jáde tún rẹ́ lọ́dọọdún, àwọn igi tí ó sì yọ jáde lára ògiri rẹ̀ ni wọ́n ń gùn láti ṣe é. Ilé tí ó ní fìlà gbígbòòrò kò ní nílò rẹ̀ lọ́dọọdún. Ẹ máa rìn yí i ká lẹ́yìn ìgbà òjò kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì dí ohun tí ó bá sán nígbà tí ó ṣì kéré.

Mo ṣì ń bẹ̀rù. Ǹjẹ́ mo lè dán an wò ná?

Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ ṣe. Ẹ fi erùpẹ̀ ilẹ̀ yín mọ ògiri kan tí ó gùn ní mítà kan, tí ó sì ga dé àyà, lórí ẹsẹ̀ òkúta, ní ibi gan-an tí ẹ fẹ́ kọ́ ilé sí. Ẹ fi òrùlé kékeré dé ìdajì rẹ̀, kí ẹ fi ìdajì kejì sílẹ̀ sójú òjò. Ẹ fi amọ̀ nìkan rẹ́ ojú kan, kí ẹ fi ẹfun rẹ́ èkejì. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ parí rẹ̀ sára rẹ̀, kí ẹ sì fi sílẹ̀ títí ìgbà òjò kan yóò fi kọjá. Nígbà tí ẹ bá padà dé, ẹ fi èékánná ha ojú kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wo èyí tí ó họ àti èyí tí kò họ, kí ẹ sì wọn bí omi ti ta pàpà ga tó lára rẹ̀. Ẹsẹ̀ òkúta ilé yín gbọ́dọ̀ ga kọjá ibi tí ìlà ẹrẹ̀ yẹn bá dé.